Ìmọ̀ràn Fún Òbí Ọmọ Tó Ń Da Kíláàsì Rú

Orúkọ mi ni Gbádégẹṣin. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ní Oniru, kí n máa kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe lè kápá òṣìṣẹ́ tó ya pòkíì, wọ́n sì máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí ilé ìwé ọmọ mi ní Igbó Ẹfọ̀n wá kọ ọ́ sórí fóònù mi pé kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó ń da kíláàsì rú, mi ò béèrè ìdí tí wọ́n fi pè mí. Mo wọ kóòtù, mo so táì, mo gbé láptọ́ọ̀pù àti prójẹ́kítọ̀, mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọmọ ti jáde sí pápá. Àǹtí Mọ̀nsúrát, tíṣà Púráímárì Tú, nìkan ni mo bá nínú kíláàsì, ó ń nu bọ́ọ̀dù.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ káàbọ̀, Dádì Ṣíjibòmí. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ jókòó, sà.

(Àga tó nawọ́ sí kò ga ju àpótí ìdáná lọ. Mo jókòó lé e. Orúnkún mi gòkè wá bá mi lágbọ̀n.)

ÈMI: Àwọn yòókù ńkọ́?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Àwọn wo, sà?

ÈMI: Àwọn tíṣà tó kù. Àwọn tó fẹ́ gbọ́rọ̀.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Èmi nìkan ni, sà.

ÈMI: Kò burú. Mo ti bá igba ènìyàn sọ̀rọ̀ rí, mo sì ti bá ènìyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀ rí. Méjì nínú wọn ò sùn. Níbo ni mo ti lè fi iná sí prójẹ́kítọ̀ yìí?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Kò síná, sà.

ÈMI: Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Wọ́n ti pa á láti aago méjì àbọ̀.

(Mo ṣí láptọ́ọ̀pù lórí itan. Àwòrán àkọ́kọ́, fọ́tò mi ni. Ìkejì, fọ́tò mi náà ni. Mo pa á dé.)

ÈMI: A ó fẹnu ṣe é. Kí ni ìṣòro yín gan-an?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ọmọ kan ni, sà. Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Olúyẹ́misí, ní tí kò bá yí padà títí Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á dá a dúró sílé títí táàmù á fi parí. Ó ń dùn mí, torí ọmọ dáadáa ni. Ọmọ náà...

ÈMI: Ẹ má dárúkọ! Nínú iṣẹ́ wa, a kì í dárúkọ.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Kí n má dárúkọ, sà?

ÈMI: Rárá o. Ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ò ní dá ọmọ náà dúró. Mo ti dé. Ẹ ní ìwé àti bírò?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Mo ní in, sà.

ÈMI: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kókó kìíní: ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tó ń da kíláàsì rú, ilé ló ti kó o wá. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, ẹ dojú kọ òbí.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: (ó ń kọ ọ́) "Ilé... ló ti... kó o wá."

ÈMI: Ẹ fa ìlà sí i nídìí.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Mo ti fà á, sà.

ÈMI: Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì. Kókó kejì: ẹ lọ bá òbí náà nílé. Tíṣà tó bá mọṣẹ́ kì í dúró de òbí. Á wọkọ̀, á lọ bá wọn.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Tí wọn ò bá jẹ́ kí tíṣà náà wọlé ńkọ́, sà?

ÈMI: Háà! Òbí wo ni ò ní jẹ́ kí tíṣà ọmọ rẹ̀ wọlé? Ẹ kọ ọ́ pé aláìmọ̀kan ni.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Kí n kọ "aláìmọ̀kan"?

ÈMI: Gàdàgbà! Kó hàn sí i.

(Ó kọ ọ́ gàdàgbà. Inú mi dùn. Ó pẹ́ tí ènìyàn ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ báyìí.)

ÈMI: Ó yá, kí ni ọmọ náà ṣe?

(Àǹtí Mọ̀nsúrát ṣí ìwé mìíràn, èyí tí etí rẹ̀ ti ká.)

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ti ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni mo fẹ́ kà, sà. Ọjọ́ Ajé. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó na apá, ó fi dí i. Ó ní ẹni tí kò bá ní kóòdù kò gbọdọ̀ wọlé.

ÈMI: Kóòdù wo?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Òun fúnra rẹ̀ ló ń fún wọn. Ó fún Tolúwani, ó fún Bọ̀sún. Ọmọ méjìdínlógún dúró síta. Ìgbà tí mo fi kó wọn wọlé tán, àkókò ìṣirò ti lọ.

ÈMI: (mo ń rẹ́rìn-ín) Àǹtí, ẹ má bínú sí ọmọ yẹn. Aláṣẹ ni. Ní ẹ́sítéètì wa ní Ajah, èmi ni alága ètò ààbò, èmi ni mo mú kóòdù dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ní kóòdù, á padà. Bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, á padà.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ̀gbọ́n yín, sà?

ÈMI: Wọ́n gbé iṣu wá láti Ọ̀yọ́. Wọ́n gbé e padà sí Ọ̀yọ́. Òfin lòfin.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá wa fẹ́ wọ kíláàsì. Ọmọ náà ní, "Ta lẹ fẹ́ rí? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

ÈMI: Ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n náà nìyẹn.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ó ní kí wọ́n ṣí búùtù.

ÈMI: Wọ́n wa mọ́tò wọ kíláàsì?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Báàgì ọwọ́ wọn ló nawọ́ sí, sà.

ÈMI: Wọ́n wá ṣí i?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ó yà wọ́n lẹ́nu débi pé wọ́n ti ṣí i kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ náà yọjú wo inú rẹ̀. Ó rí mọ́ínmọ́ín. Ó ní, "Ẹ lè máa lọ."

ÈMI: Ẹ gbọ́, ọmọ yìí ní ẹ̀bùn! Àwọn síkíọ́ríítì tèmi tí mo ń pariwo lé lórí láti ọdún tó kọjá, wọn kì í rántí wo búùtù. Ọmọ ọdún mélòó ni?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ ní kí n má dárúkọ, sà, ọjọ́ orí rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́rú, ìyẹn àná. Ìsmáílà gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ náà mú okùn tí wọ́n fi ń fò, ó so ẹsẹ̀ Ìsmáílà mọ́ ẹsẹ̀ àga.

ÈMI: Ó so ó kẹ̀?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ó ní òun ti kílámpù rẹ̀. Ó ní ibi tó páàkì sí kì í ṣe àyè rẹ̀.

(Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi díẹ̀. Èmi náà ni mo ra kílámpù àkọ́kọ́ tí a fi ń de táyà mọ́tò ní ẹ́sítéètì wa.)

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Wọ́n lu agogo ìsinmi. Ìsmáílà dìde láti sáré jáde, ó gbàgbé pé wọ́n so òun. Ó fẹnu gbá tábìlì. Ètè rẹ̀ bẹ́, sà. Ìyá rẹ̀ wá síbí láàárọ̀ yìí, ó jókòó sórí àga tí ẹ wà yẹn, ó sunkún.

ÈMI: Ó tó! Èyí ti kọjá eré. Àwọn òbí ọmọ yìí dà? Mo mọ irú wọn. Wọ́n á máa ṣe ọ̀gá káàkiri ìta, wọn ò ní mọ ohun tí ọmọ wọn ń ṣe. Ṣé ojú ò tì wọ́n ni? Ẹ dárúkọ ọmọ náà fún mi!

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ ní nínú iṣẹ́ yín, ẹ kì í dárúkọ, sà.

ÈMI: Mo gbà yín láàyè. Ẹ dárúkọ rẹ̀ jàre!

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Olúwaṣíjibòmí ni, sà.

(Ọ̀nà kan wà tí ènìyàn máa ń gbà jókòó sórí àga kékeré tí kò fi ní ṣubú. Mo gbàgbé ọ̀nà náà.)

ÈMI: (láti ilẹ̀) Olúwaṣíjibòmí wo?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ọ̀kan ṣoṣo la ní, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́.

ÈMI: Orúkọ yẹn pọ̀ ní Lẹ́kí yìí.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Èyí tó jẹ́ ọmọ yín ni, sà.

(Mo gun àga padà. Mo tún táì mi ṣe. Ta ló tiẹ̀ ní kí n so táì?)

ÈMI: Ó ní láti jẹ́ kátúùnù ló ti rí i.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Kátúùnù wo ló ń ṣí búùtù, sà?

ÈMI: Tàbí àwọn ẹgbẹ́ tó ń kó. Tolúwani yẹn, mi ò fẹ́ràn ojú rẹ̀.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: (ó ṣí ìwé tó fi kọ ọ̀rọ̀ mi) "Ilé ló ti kó o wá." A fa ìlà sí i lẹ́ẹ̀mejì.

ÈMI: Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ̀yin ni, sà. Yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ.

ÈMI: Ẹ̀yin náà ò ṣe dáadáa, Àǹtí. Ìgbà tí nǹkan ti dà báyìí, kí ló dé tí ẹ ò wá bá mi nílé?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Mo wá, sà. Sátidé tó kọjá. Mo wọkọ̀ láti Awoyaya. Síkíọ́ríítì yín ní kí n mú kóòdù wá. Mo ní mi ò ní kóòdù, mo ní tíṣà Ṣíjibòmí ni mí. Ó pè yín lórí fóònù, ó sọ fún yín. Mo ń gbọ́ ohùn yín.

ÈMI: (jẹ́ẹ́jẹ́) Kí ni mo sọ?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ ní bí kò bá ní kóòdù, kó padà síbi tó ti wá.

ÈMI: Ẹ ò ṣe bẹ̀bẹ̀ díẹ̀ sí i?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Síkíọ́ríítì bá mi bẹ̀bẹ̀, sà. Ẹ ní òun náà lè bá mi lọ sí Awoyaya.

(Ó yí ìwé náà kọjú sí mi, kí n ka ọ̀rọ̀ tí mo ní kó kọ nípa irú òbí bẹ́ẹ̀. Ó hàn gan-an. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, odidi garawa kan ni mo dà ní tèmi.)

ÈMI: Ẹ lè kọ lẹ́tà, ṣebí.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Mẹ́ta, sà. Nínú báàgì ọmọ. Ẹ ò dáhùn. Ìgbà tí mo wá kọ ọ́ pé kí ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó ń da kíláàsì rú, ìṣẹ́jú kan kò pé tí ẹ dáhùn. Ẹ bi mí bí ògiri wa ṣe fẹ̀ tó.

ÈMI: Nítorí prójẹ́kítọ̀ ni.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Mo mọ̀, sà.

(Mo dìde, mo lọ yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ ń sáré kiri nínú pápá. Ọmọ mi dá dúró lẹ́nu géètì pápá náà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Bí mo ṣe máa ń dúró gan-an nìyẹn.)

ÈMI: Kí ló dé tó dá wà?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Wọn ò bá a ṣeré mọ́. Géètì kejì ni gbogbo wọn ń gbà báyìí. Òun ṣì ń ṣọ́ ti àkọ́kọ́.

(Ó dùn mí. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn ní Oniru pé kí wọ́n má fi ìmọ̀lára ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí dùn mí gan-an.)

ÈMI: Ẹ ò bi í ìdí tó fi ń ṣe báyìí?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Mo bi í, sà. Ó ní géètìmáànù lòun fẹ́ ṣe tóun bá dàgbà. Mo ní ṣebí dókítà lo ní o fẹ́ ṣe. Ó ní, "Tí mo bá ń pe Dádì, wọn kì í gbọ́. Tí géètìmáànù bá pè wọ́n, wọ́n á dáhùn kíá."

(Mo tún yọjú wo ọmọ mi. Ó ṣì ń ṣọ́ géètì.)

ÈMI: Ọmọ ọdún méje ló mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sọ?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ, sà.

ÈMI: Àǹtí, ẹ má fìyà jẹ mí mọ́. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Màá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì fún un. Sátidé yìí. Wákàtí méjì.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Sà.

ÈMI: Wákàtí kan.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Dádì Ṣíjibòmí.

ÈMI: Ó dáa. Kí ni kí n ṣe?

(Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn rí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà tó fún un.)

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Tèmi ni màá kọ́kọ́ sọ. Láti Ọjọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni màá fi í sí. Ṣùgbọ́n kò ní béèrè kóòdù. Á máa kí gbogbo wọn káàárọ̀, á máa pe orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì sọ fún mi tí ojú ẹnì kan bá fà ro. Ó ti fẹ́ràn ẹnu ọ̀nà, kí n fún un níṣẹ́ gidi ṣe níbẹ̀.

ÈMI: Ìyẹn dára o! Ìwé wo lẹ ti kà á?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Mi ò kà á níbì kankan, sà. Ọmọ mọ́kànlélógún ló wà níwájú mi lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Ṣíjibòmí á bẹ Ìsmáílà. Ẹ̀yin náà á bẹ ìyá Ìsmáílà.

ÈMI: Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo so ọmọ wọn ni?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ta ló ni kílámpù, sà?

ÈMI: Màá bẹ̀ wọ́n.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ó ku ti ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, ẹ pa fóònù, ẹ jókòó tì í.

ÈMI: Ìyẹn ò le. Kí ni kí n máa sọ fún un?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ máa gbọ́.

ÈMI: Màá gbọ́, lẹ́yìn náà màá wá sọ.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ máa gbọ́ nìkan, sà.

ÈMI: Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká ní èmi ni Ṣíjibòmí. (Ó fa àga kékeré kan, ó jókòó síwájú mi, ó ká ọwọ́ lé itan.) "Dádì, lónìí, a gbin ẹ̀wà sínú ife..."

ÈMI: Irú ẹ̀wà wo? Olóyin ni, àbí...

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Sà.

ÈMI: Ẹ má bínú. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: "Dádì, lónìí, a gbin ẹ̀wà sínú ife. Ti Bọ̀sún ti hù. Tèmi ò hù. Ó dùn mí..."

ÈMI: Kò yẹ kó dùn ọ́ rárá! Ohun mẹ́ta ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀wà kọ̀ láti hù. Èkíní...

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: (ó wo aago ara ògiri) Ìṣẹ́jú àáyá méje.

ÈMI: Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni!

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ó mọ̀ pé ẹ gbọ́n, sà. Ohun tó fẹ́ ni kí ẹ mọ̀ pé ó dun òun.

(Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ká táì mi, mo ki í bọ ẹnu. Àǹtí Mọ̀nsúrát ro ìtàn ẹ̀wà náà dé ìparí: bí wọ́n ṣe bomi rin ín, bí wọ́n ṣe gbé ife náà síbi oòrùn, bí ewé kékeré kan ṣe yọ orí. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà lè dùn tó bẹ́ẹ̀. Omi lé sí ojú mi. Ó lè jẹ́ táì náà ló fà á.)

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ẹ ṣe dáadáa, sà. Ẹ yọ ọ́ lẹ́nu.

ÈMI: (mo yọ ọ́) Ṣé ẹ rò pé ọmọ yìí á dáa?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ó dáa tẹ́lẹ̀, sà. (Ó mú káàdì kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀.) Ẹ wo èyí. Àwọn tí ìwà wọn ń fẹ́ àtúnṣe là ń fún. Ojú márùn-ún ló ní, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe dáadáa, a ó lẹ ìràwọ̀ kan mọ́ ọn. Tó bá pé mẹ́rin, ọ̀gá wa kò ní dá ọmọ dúró mọ́.

ÈMI: Mẹ́rin kọ́, márààrún ló máa gbà! Ẹ gbé káàdì ọmọ mi fún mi.

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Káàdì Ṣíjibòmí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, sà. Tiyín nìyí.

(Mo gbà á. "Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́: Gbádégẹṣin." Yíǹkì tirẹ̀ ti gbẹ. Ó ti kọ ọ́ kí n tó dé.)

ÈMI: Ta ló máa lẹ ìràwọ̀ mọ́ tèmi? Ẹ̀yin ni, àbí ìyá rẹ̀?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Ṣíjibòmí ni. Lójoojúmọ́, tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín bá ti pé. Mo ti fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún.

ÈMI: Àǹtí, ẹ ṣàánú mi! Ẹ ò mọ ọmọ yẹn. Kì í gba ẹ̀bẹ̀, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Tí mi ò bá rí ìràwọ̀ mẹ́rin gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á tún dá a dúró sílé nítorí tèmi?

ÀǸTÍ MỌ̀NSÚRÁT: Rárá, sà, a kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ òbí jẹ ọmọ níyà níbí. Ṣíjibòmí á lọ sí Púráímárì Tírì ní tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa tún Tú ṣe.